Iná Mànàmáná àti Ibi tí Àwọn Iléeṣẹ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ń Kó Lọ

Nígbà tí iléeṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ kan bá kéde pé òun ń kó lọ sí ìlú mìíràn, owó orí, iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ àti bí òṣìṣẹ́ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń dá lé. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ iná mànàmáná. Síbẹ̀, ó wà lára ohun tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ń gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé, ó sì ti darí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Ìpínlẹ̀ California ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ gbóná. Láàárín ọdún 2000 sí 2001, lẹ́yìn tí ìjọba ti tú ìdè kúrò lára ọjà iná, owó iná fò sókè. Àwọn oníṣòwò bíi Enron ń fi àrékérekè dá ọ̀wọ́n sílẹ̀, iná sì ń lọ ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Ní oṣù Kìíní 2001, Craig Barrett tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Intel sọ ọ́ síta pé àwọn kò ní kọ́ iléeṣẹ́ tuntun sí California bí ọ̀rọ̀ iná bá ṣì rí báyìí. Olú iléeṣẹ́ Intel kò kúrò ní Santa Clara. Àwọn ilé ńlá tí wọ́n ti ń ṣe chip kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́ sí Oregon àti Arizona.

Ìyàtọ̀ yẹn ṣe kókó. Ọ́fíìsì tí àwọn ènìyàn ti ń lo kọ̀ǹpútà lè fara da àìsí iná fún wákàtí mélòó kan. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe chip kò lè fara dà á. Ó máa ń gba oṣù bíi méjì sí mẹ́ta kí awẹ́ sílíkọ́ọ̀nù kan tó la ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpele kọjá. Bí iná bá ṣẹ́jú péré, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ lè bàjẹ́ pátápátá, wọ́n á sì tún ẹ̀rọ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìpamọ́ dátà, tí kò gbọdọ̀ sinmi tọ̀sán-tòru.

Texas ni ẹ̀rí èyí ti hàn jù lọ. Ìpínlẹ̀ náà kì í gba owó orí lórí owó oṣù aráàlú. Ní oṣù Kejìlá 2020, Hewlett Packard Enterprise kéde pé òun ń kó olú iléeṣẹ́ òun láti California lọ sí agbègbè Houston, Oracle náà sì kọrí sí Austin. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni òtútù líle dé. Ìsokọ́ra iná tó ń bọ́ apá tó pọ̀ jù ní Texas, tí àjọ ERCOT ń darí, dá dúró gedegbe sí ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, nítorí pé láti ayébáyé ni àwọn oníná ibẹ̀ ti ń yẹra fún àkóso ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí yìnyín dí kànga gáàsì àti páìpù, tí àwọn ibùdó amúnáwá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ibi tí wọ́n ti lè yá iná tó pọ̀ tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2021, gbogbo ìsokọ́ra náà fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún bọ́ lọ́wọ́ ìdojúdé pátápátá. Ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin wà nínú òkùnkùn, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ka òkú 246. Ní El Paso, ìlú Texas kan náà tó so mọ́ ìsokọ́ra ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, tó sì ti tún ibùdó iná rẹ̀ ṣe lẹ́yìn òtútù ọdún 2011, ìwọ̀nba ènìyàn ni iná lọ lọ́wọ́ wọn.

Ní Austin, Samsung, NXP àti Infineon, tí wọ́n ń ṣe chip níbẹ̀, pa ẹ̀rọ wọn. Ó lé ní oṣù kan kí iṣẹ́ tó padà bọ̀ sípò ní Samsung, àdánù rẹ̀ sì tó 300 sí 400 bílíọ̀nù owó wọ́ọ̀nù ti Kòríà. Àkókò náà gan-an ni chip ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ṣọ̀wọ́n káàkiri ayé.

Ènìyàn ì bá rò pé wọ́n á sá. Wọn ò sá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Samsung kéde pé Taylor, ìlú kékeré kan nítòsí Austin, ni òun fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ bílíọ̀nù 17 dọ́là sí. Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, olú iléeṣẹ́ Tesla ti dé Austin. Owó orí tí wọ́n dín kù fún wọn wà lára ohun tó fà wọ́n mọ́ra. Òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní oṣù Kẹfà 2021, pé dandan ni kí ibùdó amúnáwá múra de òtútù, tún lè ti fi ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé iná tiwọn dání: ní Abilene, ìlú mìíràn ní Texas, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé dátà ńlá fún OpenAI, wọ́n ń kọ́ ibùdó gáàsì mọ́ ọn.

Ibi tí iná ti dúró ṣinṣin tún ń fa àlejò. Omi odò Columbia àti iná olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ mú Google dé The Dalles ní Oregon ní 2006, iná odò Lule sì mú Facebook dé Luleå ní Sweden ní 2013. Ṣùgbọ́n àlejò lè pọ̀ jù: ní Dublin, ilé dátà pọ̀ débi pé àwọn tó ń darí iná Ireland dá gbígba ẹ̀bẹ̀ tuntun fún ìlú náà dúró fún ọdún mélòó kan.

Ní Áfíríkà, Microsoft ṣí ilé dátà sí Johannesburg àti Cape Town ní 2019, Amazon sì ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Eskom, iléeṣẹ́ iná South Africa, ti ń pín iná ní wákàtí-wákàtí láti nǹkan bí 2007. Ní 2023, ọjọ́ tó lé ní 300 ni wọ́n fi mú iná lọ. Nígbà tí Twitter yan Accra dípò Nàìjíríà fún ọ́fíìsì rẹ̀ ní Áfíríkà ní oṣù Kẹrin 2021, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló dá iná lẹ́bi, ṣùgbọ́n òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àti ìjọba tiwa-n-tiwa ni Twitter fúnra rẹ̀ tọ́ka sí, Ghana pàápàá sì ti jìyà àìsí iná gan-an láàárín 2012 sí 2016.

Nàìjíríà ní ènìyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ìsokọ́ra iná rẹ̀ kì í sábà gbé ju nǹkan bí 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Ní 2024, ó dojú dé ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀ Equinix, iléeṣẹ́ onílé dátà, fi 320 mílíọ̀nù dọ́là ra MainOne, iléeṣẹ́ bíi tirẹ̀ ní Èkó, ní 2022, nítorí pé ẹni tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lè ra jẹnẹrétọ̀ àti gáàsì. Ọ̀dọ́ márùn-ún tó bá dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní Yaba ní Èkó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n gógó lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù Karùn-ún 2023. Nínú oṣù Kẹrin 2024, àwọn oníbàárà iná tó wà ní ìpele A, àwọn tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù, tún bẹ̀rẹ̀ sí í san náírà 225 lórí ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan (kWh) tí wọ́n ń san náírà 68 fún tẹ́lẹ̀. Irú àwọn ọ̀dọ́ oníléeṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni àìsí iná ń lé kúrò nílùú, ẹnikẹ́ni kì í sì kéde rẹ̀.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀. Èkó, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó ti gba àṣẹ náà. Kí àwọn gómìnà wọn fi iléeṣẹ́ kéékèèké ṣáájú, kí wọ́n sì máa kéde fún aráàlú, lóṣooṣù, iye wákàtí tí iná fi wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.