Ìbọn Ọdẹ, Ìbọn Kúkúrú àti Òfin: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Nílé Lóko

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà tàbí ti omi ẹ̀rọ, tí a ti mọ̀ mọ́ ojú ìwé wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí agboolé ọdẹ kan ní ìlú wa tí kò ní ìbọn kan tí baba fi sílẹ̀. Nígbà tí baba bá sùn, tí àwọn ọmọ bá ti Èkó, London àti Houston dé láti sin ín, wọn a bá ìbọn náà lókè àjà. Ọ̀kan a ní kí a tà á. Èkejì a ní òun yóò gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó gé e kúrú, kí ó lè wọ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ òun, nítorí àwọn olè ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni òun fẹ́ fi owó ara òun rà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a mọ bí ìbọn ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí òfin wí nípa rẹ̀.

Ìlú ọdẹ ni ìlú wa. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́, ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Òun àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀, láti máa gba agbègbè náà lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú, láti máa jùmọ̀ ṣọdẹ, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Ògúnlọlá pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń da Aláàfin láàmú, ọfà ni ìtàn wí pé ó lò. Orí tí ó gbé lọ fún Aláàfin ni ó sì fún ìlú wa ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ti wà láàrin àwọn ọdẹ wa, ìlànà ẹgbẹ́ sì ti wà, kí ìbọn kan ṣoṣo tó dé ọwọ́ wọn.

Láti etí òkun ni ìbọn ti gòkè wá. Nígbà tí Samuel Johnson ń sọ ìtàn ogun Òwu, tí wọ́n jà ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1825, ó kọ ọ́ pé àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n gbé ìbọn wọ ogun náà, nítorí pé àwọn ni wọ́n súnmọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó. Idà àti àgẹdẹ̀ngbé ni àwọn Òwu fi ń jà. Ẹni tí ó di idà mú gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta ìbọn a ti bá a lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń wá ìbọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ará ìlú kéékèèké sì sá wá sọ́dọ̀ wa, Ògbómọ̀ṣọ́ di odi ní ọ̀nà Ìlọrin. Láàrin àwọn baba wa ni a ti rí Tóyèjẹ, tí ó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Odi ìlú àti ọkàn àwọn jagunjagun ni kò jẹ́ kí ogun Ìlọrin rí wa kó.

Nínú ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, a tún rí ohun mìíràn. Ṣakabùlà ni ìbọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀: a ó ki ẹ̀tù àti ọta sí i láti ẹnu, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí a tó yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Ìbọn wọ̀nyí yá ju ṣakabùlà lọ, ọta wọn sì ń lọ jìnnà ju tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí ọmọ ẹ̀yìn odi lè ṣe! Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ibùdó ogun tó tú tán. Owó ẹgbẹ́ ìlú tí ó lè ra ìbọn lè kọ́ ilé-ìwé pẹ̀lú, ilé-ìwé ni àwa náà sì yàn lẹ́yìn ìgbà náà.

Àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí irú ìbọn tuntun bẹ́ẹ̀ máa wọlé wá mọ́. Ní July 2, ọdún 1890, àwọn ìjọba ńláńlá tọwọ́ bọ ìwé kan ní Brussels. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kó ráífù àti ìbọn ìgbàlódé wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, àfi ìbọn olókùúta-iná tí inú rẹ̀ dán, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún wa, tí wọ́n sì fi ráífù dù wá. Nígbà tí Captain Bower yìnbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́ ní November 1895, ó hàn gbangba sí gbogbo ilẹ̀ wa ohun tí àdéhùn náà túmọ̀ sí: ẹni tí ó ní ìbọn tí ó dára jù ni ó ń ṣe òfin ìbọn.

Kí ni ó mú ráífù yàtọ̀? A fín inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tí ó lọ́ yípo, bí ọta bá sì ti ń jáde, a máa pòyì, ìdí nìyí tí í fi í lọ tààrà. Inú ṣakabùlà dán ní tirẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ gùn nítorí pé ẹ̀tù dúdú ń fẹ́ àyè kí ipá rẹ̀ tó pé lẹ́yìn ọta. Ìbáà ṣe ráífù, ìbáà ṣe ṣakabùlà, ẹni tí ó bá gé ọ̀pá ìbọn kúrú gidigidi ti dín ipá rẹ̀ kù. Ariwo ẹnu rẹ̀ a pọ̀ sí i, iná ẹnu rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èrè tí ó kù ni pé ó fúyẹ́, ó rọrùn láti yí kiri nínú ọkọ̀ tàbí nínú ilé tóóró, ó sì ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ agbádá. Èrè ìkẹyìn yìí ni ó ń ba àwọn aṣòfin lẹ́rù ní gbogbo ayé. Ọdẹ tí ó gbé ìbọn gígùn kọ́ èjìká, gbogbo ọjà ni ó ń rí i. Ẹni tí ó fi ti kúkúrú sábẹ́ aṣọ, àfi Ọlọ́run.

Òfin ìbọn tí a ń lò ní Nàìjíríà títí di òní, ọdún 1959 ni ó bẹ̀rẹ̀, ó ku ọdún kan kí a gba òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀, tí ó jẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fi àṣẹ sí i: àgbá ogun, àdó-olóró, ìbọn arọ̀jò-ọta, ráífù àwọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ tí a ń pè ní pélébé. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé ìbáà jẹ́ ìbọn ìléwọ́ olókùúta-iná pàápàá, eléèwọ̀ ni. Apá kejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní fún ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá: ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ki, ráífù ìṣọdẹ tí kì í ṣe ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Èyí tí ń fi ẹ̀rọ ki ara rẹ̀, tàbí tí a ń fà síwá sẹ́yìn kí ó tó ki, kò sí lára wọn. Apá kẹta ni ṣakabùlà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu, tí òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gé ṣakabùlà baba rẹ̀ di ohun tí ó ṣeé dì mú lọ́wọ́ kan ti gbé e kúrò ní apá kẹta tí ó rọrùn, ó sì ti gbé e lọ sí apá kìíní. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ó kéré tán, ni òfin kọ sílẹ̀ fún ìbọn eléèwọ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá rọ ìbọn tàbí tí ó tún un ṣe láìgba àṣẹ kò sì ní bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fún gbogbo ènìyàn ní ìwé àṣẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè gbà á, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún 5 sẹ́yìn. Bí a bá bi àwọn àgbà ọdẹ léèrè irú ọmọ tí wọn kò ní fi ìbọn lé lọ́wọ́, irú àwọn wọ̀nyí náà ni wọn yóò kà.

Ó dùn mí láti rántí ọdún 1969. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa dìde nítorí owó-orí, nínú ìrúkèrúdò tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ̀sùn wọn ní ìdí, nítorí owó-orí wúwo, kòkó kò sì mówó wá tó. Ṣùgbọ́n nínú ìjà náà ni a ti pa ọba wa, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé, ní ìlú tí àwọn ọdẹ tẹ̀ dó láti dáàbò bo ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohun ìjà bá kúrò lábẹ́ ìlànà ẹgbẹ́, kí ó rántí ọdún náà.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí ó parí ní ọdún 1970, ìbọn ológun kún ìgboro, ìdigunjalè sì di púpọ̀. Òfin le sí i. Àṣẹ ìjọba ológun ti ọdún 1984 fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí owó ìtanràn ₦20,000, lé orí ẹni tí a bá bá ìbọn tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní January 2020, nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ irú ìbọn tí wọn yóò gbé tún dìde, nítorí pé ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ kan kò lè fi àṣẹ ara rẹ̀ gbé ráífù ológun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin tiyín yàtọ̀. Ní ọdún 1934, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń fi ìbọn agékúrú pa ara wọn ní ìgboro, ìjọba Roosevelt ṣe òfin kan. Nínú àbá àkọ́kọ́, ìbọn ìléwọ́ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ka ìbọn gígùn tí a gé mọ́ ọn. Wọ́n yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ti agékúrú kù síbẹ̀. Lónìí, ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínṣì 16, tàbí tí a ti gé tí gbogbo rẹ̀ kò tó ínṣì 26, gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba, kí àṣẹ sì tẹ ènìyàn lọ́wọ́ kí ó tó rà á tàbí kí ó tó gé e. Owó-orí dọ́là 200 ni wọ́n ń san láti ọdún 1934. Wọ́n sọ ọ́ di òfo fún irú ìbọn yìí láti January 1, 2026, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ kò kúrò. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York, New Jersey àti California kò tilẹ̀ gbà á fún ará ìlú lásán. Kí ẹni tí ó lọ pẹ̀lú físà àlejò sì ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé òfin àpapọ̀ kò jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbọn kankan, àfi nínú ìdí díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a pa àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé kan ní Dunblane ní March 1996, òfin ọdún 1997 ka ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí tí gbogbo rẹ̀ kò tó 60, sí èèwọ̀, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni ó kéré jù fún àgbàlagbà tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbọn fún oko tàbí fún ọdẹ, kí ó yan èyí tí ó gùn, tí òfin mọ̀: ṣakabùlà, tàbí ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí méjì tí a ń ṣẹ́ kí a tó fi ọwọ́ ki. Kí ó gba ìwé àṣẹ ní orúkọ ara rẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó sì máa tún un gbà bí àkókò rẹ̀ bá pé. Ìwé àṣẹ baba kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Bí baba bá kú, ẹ gbé ìbọn náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kí ẹ béèrè bí ẹ óò ṣe gba tiyín. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má tà á lóru, ẹ má sì jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kankan fi ayùn kàn án. Ọmọ ẹ̀yìn odi kò gbọdọ̀ di ìbọn sínú ẹrù láìní ìwé àṣẹ, kódà bí ó ti gbà á lọ́nà ẹ̀tọ́ níbi tí ó wà.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí àwọn olóyè ọdẹ àti àwọn amòfin ọmọ ìlú jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n ka òfin yìí ní èdè Yorùbá sí etí àwọn ọdẹ wa. Ẹgbẹ́ Alóńgo ti fi ọ̀nà hàn wá: kí olúkúlùkù mọ ẹni tí ó gbé ohun ìjà, kí ó sì mọ ìdí tí ó fi gbé e. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí, kí ó sì bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Ó tún di ẹ̀ẹ̀mìíràn.