Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Di Àjèjì

Ní Ìyànà Ọ̀fà, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí a ti ń tẹ̀wé. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iná dé tagbára-tagbára, ó sì jó mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́. Bọ̀dá tó máa ń bá wa tún un ṣe fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tàn, iṣẹ́ àwọn oníbàárà wa pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sójú pé Windows inú rẹ̀ kò ní àṣẹ mọ́. Bàbá mi ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà mi kọ́ nìyí ni?" Ìbéèrè yìí ló mú mi wádìí ìtàn ọ̀rọ̀ náà.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní nọ́ńbà àṣẹ Windows kan lè lò ó lórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, láìsí ohun tí yóò dá a dúró, bí òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 2001 ni Windows XP jáde, ilé iṣẹ́ Microsoft sì yí èyí padà. XP ń wo nǹkan mẹ́wàá lára kọ̀ǹpútà, bí i háàdì dísíìkì àti mẹ́mọ́rì, ó sì ń fi wọ́n dá a mọ̀, bí ilà ojú ṣe ń fi ọmọ ìlú kan hàn láyé àtijọ́. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá yí padà, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá pọ̀, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì yóò tẹ fóònù, yóò ka nọ́ńbà 50, yóò sì gba 42 padà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 yẹn kan náà ni fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: òfin yìí rọrùn níbi tí a ti ń ra kọ̀ǹpútà tuntun, ṣùgbọ́n àwa ń ra tòkunbọ̀, a sì ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ títí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sídìí ayédèrú.

Windows 10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Lójú rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù ni orí. Ẹni tó bá pààrọ̀ orí ti di ẹlòmíràn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ènìyàn lè so àṣẹ náà mọ́ àkáǹtì Microsoft tirẹ̀, kí ó lè gbà á padà lẹ́yìn àtúnṣe.

Bàbá mi kò so tirẹ̀. Bọ̀dá ní òun lè fi ayédèrú sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi dáhùn pé, "Ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀rọ yìí. Bí kòkòrò bá bá ayédèrú wọlé, kí ni màá sọ fún òbí wọn?" Owó tó fẹ́ fi ra jẹnẹrétọ̀ ló fi ra àṣẹ tuntun, ó sì so ó mọ́ àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ so tiyín kí iná tó dé.