Ìrẹ̀wẹ̀sì Ìgbà Òtútù
Èyí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń dé bá àwọn kan lọ́dọọdún nígbà tí ojúmọmọ bá kúrú tí ojú ọjọ́ sì ṣú. Ọdún 1984 ni Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan lè ní òtútù ló fà á. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń jókòó síwájú iná tó mọ́lẹ̀ gan-an láràárọ̀, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń yá, bẹ́ẹ̀ òtútù ìta kò dín kù. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ni olórí okùnfà. Nítorí náà, kò tọ́ ká pe ẹni tí èyí bá ṣe ní London lóṣù Dìsẹ́ḿbà, nígbà tí ojúmọmọ kò ju bíi wákàtí 8 lọ, ní ọ̀lẹ. Ìtọ́jú ló yẹ ẹ́.