Kámẹ́rà Àkọ́kọ́: Ohun tí Ìtàn Sinimá Fi Kọ́ Wa

Ní Lagbé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fíìmù kì í pẹ́ béèrè pé: kámẹ́rà wo ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè kọ́kọ́ rà? Ìbéèrè náà jọ ọ̀rọ̀ ọjà lójú, ṣùgbọ́n ìtàn wà nídìí rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn wa ti ń ya fíìmù, ẹ̀bùn nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò rí ìtàn tirẹ̀ sọ. Iye tí a fi ra ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Èyí tí ó sì wúwo jù ni iye tí ẹ̀rọ náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn tí a bá ti rà á tán.

Ní ìgbà ìjọba amúnisìn, òfin ni ìdènà àkọ́kọ́. Láti ọdún 1934, àṣẹ tí à ń pè ní décret Laval fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Paulin Soumanou Vieyra, ẹni tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1925, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ìyọ̀ǹda náà gbà. Ní Paris ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine ní ọdún 1955. Nígbà tí òmìnira dé, ilẹ̀kùn òfin ṣí, ti owó ni ó kù. Ọdún 1974 ni Pascal Abikanlou tó gbé Sous le signe du vaudou jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ṣe.

Kí ni ó mú kí iṣẹ́ náà wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Fíìmù tí a ń fi sínú kámẹ́rà ni. Róòlù fíìmù mìlímítà 16 tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kò ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, apá ibẹ̀ ti ṣòfò; a kò lè pa á rẹ́ kí a tún un lò. Lẹ́yìn náà ni a ó fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí a tó mọ̀ bóyá àwòrán jáde. Irú ìnáwó yìí ni Ola Balogun fara dà nígbà tí ó ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, òun náà ni Hubert Ogunde fara dà kí Ayé tó jáde ní ọdún 1979. Ogunde ti ní ẹgbẹ́ òṣèré láti ọdún 1945, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn káàkiri. Ọ̀dọ́ tí kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kò lè dábàá rẹ̀.

Fídíò ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ JVC ní Japan gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde. Ní ọdún 1983, Sony gbé kámẹ́rà tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ inú rẹ̀ wá sí ọjà fún ìlò ará ilé. Kásẹ́ẹ̀tì kan lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. A lè wo ohun tí a yà lójú ẹsẹ̀, a sì lè pa á rẹ́ kí a ya òmíràn. Ní Nàìjíríà, irú kámẹ́rà yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ya ìgbéyàwó àti ìkómọjáde. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, tí apá kò ká owó fíìmù mọ́, àwọn òṣèré tíátà yíjú sí i. Muyideen Alade Aromire wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú Ẹkùn. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì, náwó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ti Ishola Ogunsola, tí wọ́n fi kámẹ́rà VHS lásán yà. Lẹ́yìn irú fíìmù Yorùbá bẹ́ẹ̀ ni ó tó ṣe Living in Bondage ní èdè Ígbò ní ọdún 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí ìpìlẹ̀ Nollywood.

Kámẹ́rà pọ́ọ́kú náà kò ṣàìní àbùkù. Àwọn tí fíìmù ti mọ́ lára fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi tán. Ohùn òṣèré ń jìnnà, ariwo jẹnẹrétọ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé ohun tí ó sún mọ́ maikirofóònù ara kámẹ́rà jù lọ ni ó ń gbọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwòrán á ṣókùnkùn. Bí a bá sì da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sórí òmíràn, àwòrán á tún ṣá sí i. Àwọn àgbà tí ó wo kásẹ́ẹ̀tì tí ó gba ẹnubodè Igolo wọlé mọ ohun tí mo ń wí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì sí ti Faransé, ẹrù òkè òkun sì gbówó lórí. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì DV dé, èyí tí a lè dà kọ láìjẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ṣá. Ní ọdún 2006, Tunde Kelani darí Abẹ̀ní, ìtàn tí ó so Èkó mọ́ Kútọnu. Abdel Hakim Amzat, ọmọ Benin, kópa nínú rẹ̀, Yorùbá àti Faransé sì ni wọ́n ń sọ, bí a ti ń ṣe nínú ìwé ìròyìn wa yìí.

Kí ni èyí wí fún ẹni tí ó fẹ́ ra kámẹ́rà ní Lagbé lónìí? Ẹ jẹ́ kí a mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, àṣà tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni ẹ̀mí eré náà. Kámẹ́rà tí kò ríran lókùnkùn, tí kò sì ní ihò tí a lè ki maikirofóònù bọ̀, kò lè gba Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kí iye píksẹ́lì tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pọ̀ tó. Àlòkù tí ó ní nǹkan méjì yìí sàn ju tuntun tí kò ní wọn lọ. Kí a má ná gbogbo owó sórí kámẹ́rà. Kí ó ṣẹ́kù fún maikirofóònù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ó gbé e lé, bátìrì kejì, àti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a ó tọ́jú àwòrán sí. Bí owó kò bá tó, fóònù tí a so maikirofóònù gidi mọ́ tó ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn tí ó fi VHS bẹ̀rẹ̀ kò dúró de kámẹ́rà ńlá. Àwọn àgbà wa tí ó mọ orin Ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ náà kò lè dúró dè é.