Bèbè Odò Kàdúná: Ilẹ̀ àti Àwùjọ Kabala Costain

Kabala Costain jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Kàdúná, ní apá àríwá odò tí ìlú náà ń jẹ́ orúkọ mọ́, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna North tí Kabala jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ́ọ̀dù rẹ̀. Kabala Doki ni wọ́n jọ pààlà, Unguwan Rimi àti Malali wà níhà àríwá rẹ̀, Barnawa sì wà níhà gúúsù lẹ́yìn odò. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Kàdúná a máa lo ọ̀pọ̀ ojú ìwé lórí ibùgbé àwọn òyìnbó amúnisìn, lórí Tudun Wada, Sabon Gari àti Kakuri tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ kún nígbà kan, wọn a sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lára àwọn ibùdó ẹ̀bá odò tí ìlú gbé mì. Àbùkù ńlá nìyẹn jẹ́, nítorí pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ènìyàn ti lè rí bí ilẹ̀, odò àti òfin ṣe pawọ́ pọ̀ pinnu ẹni tí yóò gbé ibì kan àti ohun tí yóò máa fi jẹun níbẹ̀.

Odò Kàdúná ṣàn wá láti orí òkè títẹ́jú Jos, ó sì rin nǹkan bí 550 kìlómítà kí ó tó wọ odò Ọya. Láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ó gba inú ìlú kọjá, tí ó ń lọ́ sọ́tùn-ún, tí ó ń lọ́ sósì, tí ó sì pín ìlú sí méjì. Òjò ibẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, a sì dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá. Oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni ó máa ń pọ̀ jù, tí odò a kún dé bèbè. Bí ọyẹ́ bá dé, omi a fà, ilẹ̀ dúdú tó ṣì ní ọ̀rinrin a sì yọ síta. Ilẹ̀ yìí ni àwọn Hausa ń pè ní fadama, òun náà sì ni àkúrọ̀ tí àgbẹ̀ Yorùbá mọ̀. Àwọn tó ń dá a a máa pín in sí ebè pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, wọn a gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi má baà sá lọ, ẹ̀rọ kékeré tí ń mu bẹntiróòlù a sì máa fa omi láti inú odò gba inú ọ̀pá rọ́bà wá sórí àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì. Àgbẹ̀ a dúró láìwọ bàtà, a fi ọkọ́ ṣí ẹnu ebè kan. Bí omi bá ti kún un tán, a dí i, a sì ṣí ti èkejì. Nínú ìṣàn odò kan náà ni àwọn awayanrìn ti ń wa yanrìn tí wọ́n fi ń kọ́ ilé káàkiri ìlú, tó fi jẹ́ pé odò tó ń bọ́ àdúgbò náà ló tún ń bá gbogbo Kàdúná kọ́lé.

Ọ̀nà méjì ni ibùdó ènìyàn máa ń gbà di ohun tí ìjọba mọ̀: yálà kí ìjọba wọn ilẹ̀ kí àwọn olùgbé tó dé, tàbí kí àwọn olùgbé ti wà níbẹ̀ kí okùn ìjọba tó bá wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1785 pàṣẹ pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó tà á. Igun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n pè ní township, jẹ́ máìlì 6 ní gígùn àti máìlì 6 ní ìbú, wọ́n sì tún un pín sí ọ̀nà 36, tí wọ́n fi ìpín kẹrìndínlógún sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ní ìgbèríko Ohio àti Indiana ṣì ń tọ ìlà tí àwọn awọnlẹ̀ fà nígbà náà, àwọn ará township sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ kékeré tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Okùn ìwọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, àwọn olùgbé tuntun tẹ̀lé e, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì lé kúrò.

Orúkọ township náà dé Nàìjíríà pẹ̀lú òfin tí ìjọba Lugard, gómìnà àgbà amúnisìn, ṣe ní 1917, tó pín àwọn ìlú sí ìpele mẹ́ta, tí ó jẹ́ pé Èkó nìkan ló wà ní ìpele kìíní. Ní ọdún yẹn kan náà ni olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kàdúná, ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ láti 1913. Ìlànà Lugard ni pé kí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó yáàdì 440 ṣófo láàárín ilé òyìnbó àti ilé ọmọ ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kàdúná kò ṣófo nígbà tí okùn dé: àwọn Gbagyi, tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari, ti ń dáko níbẹ̀, wọ́n sì ní ìletò wọn. Ìlú tí wọ́n fi okùn wọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń fẹ̀ lọ, àwọn ibùdó tí kò bá okùn dọ́gba ni ó sì ń bá pàdé ní bèbè odò.

Costain tó wà nínú orúkọ àdúgbò náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ ìkọ́lé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àdúgbò kan ní Èkó náà ń jẹ́. Iṣẹ́ ìkọ́lé àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ló sọ Kàdúná di ìlú èrò: Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ mìíràn tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot dé ní àwọn ọdún 1970, ilé ìfọpo sì ṣí ní 1980. Ní 1967, Max Lock, ayàwòrán ìlú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí àti ètò ńlá kan jáde tó wo Kàdúná láti 1917 dé 2017. Iṣẹ́ náà jinlẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣe ìwádìí ìlú náà láìkà á, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá ilé tí owó wọn ká kò dúró de ètò.

Nínú àwọn tó dé yìí ni Yorùbá wà, rélùwéè ló sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì sọdá odò Ọya pàdé ti Baro sí Kano ní Minna. Àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀ àti oníṣòwò láti Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀lé e, pẹ̀lú àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá náà sì kọ́ mọ́ṣáláṣí àti ilé kéwú tiwọn. Lónìí, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní irú àdúgbò bí Kabala a máa kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àti bàbá rẹ̀, a sì fi Hausa ná ọjà láìfi ahọ́n kọ́. Olórí àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní mai unguwa, ni ẹjọ́ aládùúgbò kọ́kọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òkè rẹ̀ ni dagaci, lẹ́yìn náà hakimi, títí dé ọ̀dọ̀ Ẹ́míà Zazzau ní Zaria. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní Ohio, àmọ́ nínú méjèèjì, ẹni tó mọ ilé kọ̀ọ̀kan ló ń parí ìjà.

Rògbòdìyàn oṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000 lórí òfin Sharia, àti èyí tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2002, ba àjọgbé yìí jẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí gúúsù odò, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó wá sí àríwá, débi pé odò tí àgbẹ̀ ń fa omi rẹ̀ di ààlà ẹ̀sìn. Ìpalára yìí wọ ilé Yorùbá ju bí àwọn òǹkọ̀wé ti ń sọ lọ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Àlàájì kí àbúrò sì jẹ́ díákónì, irú ẹbí bẹ́ẹ̀ kò sì ní apá odò tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Pé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣì wà ní Kabala Costain, ní apá àríwá, jẹ́ ohun tó yẹ kí àwọn olùwádìí àjọgbé lọ yẹ̀ wò dáadáa.

Omíyalé ni ewu tó kù, òun kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2003, odò Kàdúná kún bò bèbè, ó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé, Kabala Costain àti Kabala Doki sì wà lára àwọn orúkọ tí kì í sábà wọ́n nínú ìròyìn ìkún-omi ìlú náà. Àkúrọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí àti gọ́tà tí pàǹtírí dí wà nínú ohun tó ń fà á. Ìjọba gbọ́dọ̀ fa ààlà ibi tí omi ń dé sórí ilẹ̀, kí ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àlùbọ́sà àti tòmátì. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí háyà ilé ní Kabala, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà àdúgbò pé ibo ni omi dé ní 2003.