Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, Ìyọ̀ǹda àti Àṣírí: Ìtọ́jú Alárùn Ọpọlọ ní Ìbàdàn

Bí a bá béèrè ibi tí ìlànà títọ́jú alárùn ọpọlọ ti ṣẹ̀ nílẹ̀ wa, ibi mẹ́ta ni àwọn òǹkọ̀wé ń nawọ́ sí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu. Ìdí nìyí tí mo fi kó o jọ.

Àwọn kan ní ilé wèrè Yaba l'Ékòó ni, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní 1907. Wọ́dà ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Ibi kejì ni ilé oníṣègùn: ní agboolé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Beyerunkà ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ẹbí ń mú aláìsàn lọ. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, tẹ ìwádìí jáde ní 1964 lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ aláìsàn, ó rí egbòogi asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tún rí ọjọ́ ìdágbére: létí odò, wọ́n á bọ́ aṣọ àìsàn lọ́rùn ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, omi á sì gbé e lọ. Ìyà ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fi gbogbo rẹ̀ pe ìwà ìkà kò wo odò náà.

Ibi kẹta, ilé ìwòsàn Arò l'Ábẹ́òkúta, ni ọ̀rọ̀ gbòòrò sí. Ní 1954, dókítà ọpọlọ T. Adéoyè Lámbò fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé mẹ́rin tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan kan ń bá a gbé, ó ń dáná fún un, ó sì ń sìn ín lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Wọ́n ní Lámbò ló dá a sílẹ̀ pé kí ẹbí dúró ti aláìsàn. Rárá o, ilé oníṣègùn ti ń ṣe é tipẹ́. Tirẹ̀ ni pé ó tú ẹsẹ̀ aláìsàn sílẹ̀.

Ní 1963 Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn UCH ti yunifásítì. Ní 1965 Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nọ́ọ̀sì. Ìlànà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rọrùn sọ: ṣàlàyé abẹ́rẹ́ kí o tó gún un, gba ìyọ̀ǹda, pa àṣírí mọ́. Àṣírí ló le jù nígboro àtijọ́. Aládùúgbò á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, màmá nọ́ọ̀sì, ọmọ Mápó wo ni wọ́n gbé wá lánàá?” Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dáhùn. Ìdí wà fún un: nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, láàárín ènìyàn 2,040 nílẹ̀ Yorùbá, ìdá 82.7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀rù á bà wọ́n láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán: ní 2019 àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ilé àtúnṣe kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn. Ní 2020 ìwádìí kan ní Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìlera àti oníṣègùn ìbílẹ̀ lè jọ tọ́jú aláìsàn. Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò Òfin Wèrè tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916.