Àlọ́ àti Áljébrà: Ìtàn Iye Tí A Kò Mọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí áljébrà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-ìwé, wọ́n kọ x sí ojú pátákó, wọ́n ní kí a wá a. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ohun tí ó sọnù. Mo há ọ̀nà rẹ̀ sórí, mo yege, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò kúrò lára mi títí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àlọ́ àpamọ̀.

Ìwé àtijọ́ kan láti Íjíbítì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ nìyí: iye kan wà, bí a bá fi ìdá kan nínú méje rẹ̀ kún un, yóò di 19, kí ni iye náà? Ahmes kò kọ x. Aha ni ó pe ohun tí a ń wá, tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan túmọ̀ sí òkìtì. Ó kọ́kọ́ dá a lábàá pé 7 ni. 7 pẹ̀lú ìdá kan nínú méje rẹ̀ jẹ́ 8. Ó wá wo iye ìgbà tí 8 wà nínú 19, ó sì fi ìyẹn sọ 7 di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 16 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ta ni kò rí i pé àlọ́ ni èyí?

Ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní Bagdad, láti ara àkọlé rẹ̀ ni áljébrà ti gba orúkọ. Òun pẹ̀lú máa ń pe iye tí a kò mọ̀ ní shay, èyíinì ni 'ohun kan'. Apá tí ó pọ̀ nínú ìwé náà dá lórí ogún pínpín. Al-jabr fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí dídá ohun tí a yọ kúrò padà sí àyè rẹ̀. Ọdún 1637 ni Descartes tó tẹ ìwé tí ó ti fi x dúró fún iye tí a kò mọ̀, lẹ́yìn Ahmes ní ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún. Lẹ́tà ni ó dé kẹ́yìn. Òun ni àwa sì ń fi ṣáájú ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a pa á lálọ̀ọ́ fún ọmọ ọdún méjìlá: ìyá kan gbé ọsàn lọ sí ọjà, ó ta ìdajì, ó fi 3 ta ọmọ lọ́rẹ, 9 ni ó kù, mélòó ni ó gbé lọ? Ọmọ yóò dá 3 padà, ó di 12. Yóò dá ìdajì tí ó tà padà, ó di 24. Al-jabr ni ó ṣe yẹn. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ òǹkà kò tilẹ̀ ṣe àjèjì sí i: ẹni tí ó bá pe márùndínláàádọ́ta ti yọ 10 kúrò nínú 60, ó sì tún yọ 5 kúrò nínú èyí tí ó kù.

Àwọn kan yóò wí pé eré ni mo fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àlọ́ bá ti ní ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ó pamọ́, ẹnu nìkan kò tó o mọ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ yóò máa wá ọ̀nà tí ó kúrú láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni kí olùkọ́ tó kọ x sí ojú pátákó, nítorí ọmọ ti mọ ohun tí ó sọnù.